Ibi Tí Àtúnṣe Àkọsílẹ̀ Àmì-Ẹ̀yẹ Ológun Ti Ṣẹ̀ Wá ní Amẹ́ríkà

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní ilẹ̀ Yúróòpù ní oṣù Karùn-ún ọdún 1945, ìbéèrè kan ló wà lẹ́nu àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà lókè òkun: ìgbà wo ni a óò lọ sílé? Ìṣirò ni Iléeṣẹ́ Ogun wọn fi dá wọn lóhùn. Oṣù kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ogun ti lò lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ máàkì kan, oṣù kọ̀ọ̀kan tó lò ní òkè òkun tún jẹ́ máàkì kan lé e, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bí jẹ́ máàkì 12 títí dé orí ọmọ mẹ́ta, àmì-ẹ̀yẹ kọ̀ọ̀kan tàbí ìràwọ̀ ogun kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń fi hàn pé ẹni náà wà nínú ìjà ńlá kan, sì jẹ́ máàkì 5. Ẹni tí tirẹ̀ bá pé 85 ni ọ̀nà ilé kọ́kọ́ là fún. Ọmọ ogun tí ọta ìbọn bà, tí wọ́n sì gbàgbé láti kọ Purple Heart, àmì-ẹ̀yẹ ẹni tí ọ̀tá ṣe léṣe lójú ogun, tó tọ́ sí i sílẹ̀, ti pàdánù máàkì 5, èyí tó jẹ́ èrè oṣù méjì àti ààbọ̀ ní òkè òkun.

Mo fi ìṣirò yìí ṣíde nítorí pé ó jẹ́ kí a rí i pé àmì-ẹ̀yẹ ológun kì í ṣe irin àti ọ̀já tí wọ́n ń so mọ́ àyà nìkan. Orí ìwé ni agbára rẹ̀ wà. Ìwé ìtúsílẹ̀ tí wọ́n ń fún ọmọ ogun orí ilẹ̀ nígbà náà ní àpótí kékeré kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 33, níbi tí akọ̀wé ti ń tẹ orúkọ àmì-ẹ̀yẹ sí. Àpótí 32 tó ṣáájú rẹ̀ ni ti àwọn ogun tí ẹni náà jà. Àyè inú rẹ̀ kò pọ̀. Akọ̀wé tó jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ní ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó tò níwájú rẹ̀, tí ara ń kán láti wọ ọkọ̀, nítorí pé àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 8 ní ọdún 1945 ti dín kù sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 láàárín ọdún kan ó lé díẹ̀. Ohun tí akọ̀wé kò bá rí nínú fáìlì, kò ní tẹ̀ ẹ́. Ohun tí kò bá sì tẹ̀, lójú ìjọba, kò ṣẹlẹ̀ rí.

Kí ni ọmọ ogun lè ṣe sí i? Kí ọdún 1946 tó dé, ọ̀nà pàtàkì tó wà fún un kò ju ẹyọ kan lọ, ọ̀nà náà sì jìn. Ó ní láti wá aṣòfin tí yóò gbé àbá òfin kan wá sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Washington, àbá tí kò kan ẹlòmíràn lágbàáyé ju òun nìkan lọ. Àṣà yìí ti wà tipẹ́. Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé tí wọ́n jà láti ọdún 1861 sí 1865, ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé wọ́n sá kúrò lójú ogun, bẹ́ẹ̀ orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni àwọn kan lára wọn wà, àwọn mìíràn sì wà ní àhámọ́ ọ̀tá. Àbá òfin lórí owó ìfẹ̀yìntì àti àkọsílẹ̀ irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ wá pọ̀ débi pé Ààrẹ Grover Cleveland, nígbà àkọ́kọ́ tó ṣe ìjọba, kọ̀ láti fọwọ́ sí àbá tó lé ní 400, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ti owó ìfẹ̀yìntì ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní aṣòfin tó mọ̀ ọ́n lójú lè rí àtúnṣe gbà. Ẹni tí kò ní, tàbí tí àwọ̀ ara rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbà á wọlé lọ́dọ̀ aṣòfin, ń gbé orúkọ burúkú náà dé sàárè.

Láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, kì í ṣe igbe àwọn ọmọ ogun yìí ló bí òfin tuntun. Àárẹ̀ àwọn aṣòfin fúnra wọn ni. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 1946, Ààrẹ Harry Truman fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n fi tún iṣẹ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tò. Abala 131 rẹ̀ fi òfin de oríṣi àbá mélòó kan tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má ṣe gbé wọn wá síwájú ilé mọ́: owó gbà-má-bínú, owó ìfẹ̀yìntì, kíkọ́ afárá sórí odò tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà, àti àtúnṣe àkọsílẹ̀ ológun. Orúkọ ọmọ ogun àti afárá odò jọ wà nínú ìlà kan náà. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ òfin náà kò ti ilẹ̀kùn kan láì ṣí òmíràn. Abala 207 fún àwọn olórí iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Akọ̀wé, ìyẹn Akọ̀wé fún Ogun, Akọ̀wé fún Ọmọ Ogun Ojú Omi, àti Akọ̀wé fún Ìṣúra tí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun wà lábẹ́ rẹ̀, láṣẹ láti máa tún àkọsílẹ̀ ṣe nípasẹ̀ ìgbìmọ̀ alágbádá, nígbàkígbà tí ó bá yẹ láti tún àṣìṣe ṣe tàbí láti mú ìrẹ́jẹ kúrò.

Ọ̀rọ̀ méjì wọ̀nyí, àṣìṣe àti ìrẹ́jẹ, ni ìpilẹ̀ gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe nìkan ni wọ́n kọ, ẹni tí akọ̀wé gbàgbé orúkọ àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ yóò rí ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú kò ní rí ibi gbé ẹjọ́ lọ, nítorí pé ìwé rẹ̀ péye gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe fẹ́ kí ó rí. Pé wọ́n tún ní kí ó jẹ́ alágbádá ni yóò jókòó lórí ẹjọ́ náà ṣe pàtàkì bákan náà. Ológun kò ní máa ṣe onídàájọ́ ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1951 ni wọ́n wá tún òfin náà ṣe, kí owó tí àṣìṣe fi du èèyàn lè di sísan, wọ́n sì fi gbèdéke ọdún mẹ́ta sí i láti ọjọ́ tí èèyàn bá rí àṣìṣe náà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ lè fojú fo gbèdéke náà bí òdodo bá béèrè bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1956 ni òfin náà ti wà ní abala 1552 nínú ìwé òfin kẹwàá ti Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló sì wà dòní.

Ọ̀pọ̀ àmì-ẹ̀yẹ tí kò sí lórí ìwé kì í ṣe ẹ̀bi akọ̀wé rárá. Ọmọ ogun ti dé ilé, ó ti ń ṣiṣẹ́ oko tàbí ti iléeṣẹ́, kí ìjọba tó dá àmì-ẹ̀yẹ náà sílẹ̀ tàbí kí ó tó sọ pé ó tọ́ sí i. Àpẹẹrẹ tó gbòòrò jù ni ti Bronze Star, àmì-ẹ̀yẹ fún ìwà akọni tàbí iṣẹ́ rere lójú ogun. Ọdún 1944 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1947, ìjọba pàṣẹ pé gbogbo ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tó gba báàjì ìjà ojú ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àti àwọn oníṣègùn ojú ogun tó gba irú báàjì tiwọn, ní ẹ̀tọ́ sí Bronze Star. Ṣùgbọ́n ìwé ìtúsílẹ̀ wọn ti gbẹ láti ọdún 1945 tàbí 1946. Ẹni tí kò bá béèrè kò ní rí i gbà, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀ pé ohun kan wà láti béèrè. Bákan náà ni ti àwọn tí ọ̀tá mú lẹ́rú: ọdún 1985 ni òfin tó dá àmì-ẹ̀yẹ wọn sílẹ̀ jáde, ó sì kan ẹnikẹ́ni tí ọ̀tá mú láti oṣù Kẹrin ọdún 1917. Àwọn tó ṣọ́ ilẹ̀ Kòríà lẹ́yìn oṣù Keje ọdún 1954 kò ní àmì-ẹ̀yẹ tiwọn àfi lẹ́yìn òfin ọdún 2002. Ọmọ ogún ọdún tó ṣọ́ ibodè ní 1955 ti di bàbá arúgbó.

Lẹ́yìn náà ni iná wá jó. Ní òru ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1973, iná sọ ní àjà kẹfà ilé tí wọ́n kó fáìlì àwọn ológun jọ sí ní Overland, lẹ́bàá ìlú St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ilé ńlá náà kò ní ẹ̀rọ tí ń wọ́n omi níbi tí àwọn ìwé wà. Ó gba ọjọ́ mẹ́rin àti ààbọ̀ kí iná tó kú pátápátá. Fáìlì tó tó mílíọ̀nù 16 sí 18 ló run: ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọdún 1912 àti 1960, àti ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ti àwọn ọmọ ogun òfurufú tó kúrò láàárín 1947 àti 1964, tí orúkọ wọn sì tẹ̀ lé Hubbard nínú ètò ábídí. Wọn kò ní ẹ̀dà kankan níbòmíràn. Omi tí wọ́n fi pa iná tún ba ọ̀pọ̀ ìwé tó yè jẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kó àwọn ìwé tútù náà sínú àpótí oníke tí wọ́n fi ń kó mílíìkì, wọ́n sì gbé wọn lọ sínú yàrá ńlá kan ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú McDonnell Douglas, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́ àti omi kúrò lára wọn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 àti ààbọ̀ ni wọ́n rí gbà là lọ́nà yìí, tí etí púpọ̀ nínú wọn ti di èédú.

Ìgbà náà ni ìtumọ̀ àtúnṣe yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń béèrè ń sọ pé ìwé yín kò pé. Nísinsìnyí, kò sí ìwé rárá, ẹrù ẹ̀rí sì wà lórí arúgbó. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé àkójọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ kiri nínú ìwé owó oṣù, nínú ìwé àṣẹ, àti nínú ìròyìn àárọ̀, èyí tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ń kọ lójoojúmọ́ láti sọ ẹni tó dé, ẹni tó lọ, ẹni tó kú àti ẹni tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Ìlà kan péré nínú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ti tó láti gba Purple Heart fún ẹni tí àpá ọta ṣì wà lára rẹ̀. Ní ọdún 1988, téèpù kọ̀ǹpútà kan tún dé ọwọ́ wọn, tó ní àkọsílẹ̀ ìgbàwọlé sí ilé ìwòsàn ológun tó tó mílíọ̀nù 10, láti ọdún 1942 sí 1945 àti láti 1950 sí 1954. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀, nọ́ńbà iṣẹ́ ológun nìkan ni. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà tí arúgbó kan mọ̀ lórí fi lè níye lórí ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Láàárín àwọn ẹjọ́ tí ìgbìmọ̀ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ti gbọ́, ti Mary Edwards Walker ni mo fẹ́ràn jù. Dókítà ni obìnrin yìí, ó tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Abẹ́lé, wọ́n sì fún un ní Medal of Honor, àmì-ẹ̀yẹ ológun tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1865. Ní ọdún 1917, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gágun kan yẹ gbogbo Medal of Honor wò, wọ́n sì pa orúkọ 911 rẹ́. Èyí tó pọ̀ jù, 864, jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan láti ìpínlẹ̀ Maine tí kò ṣe iṣẹ́ akọni kan tó yẹ fún irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n pa ti Walker náà rẹ́ nítorí pé kò sí nínú iṣẹ́ ológun gan-an. Ó kọ̀ láti yọ ọ́. Àyà rẹ̀ ni àmì-ẹ̀yẹ náà wà títí ó fi kú ní ọdún 1919. Ní ọdún 1977, ìgbìmọ̀ àtúnṣe gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì padà sínú ìwé. Ní ọdún 1989, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún William Cody, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Buffalo Bill.

Ti àwọn aláwọ̀ dúdú ni ọ̀rọ̀ ìrẹ́jẹ ti wúwo jù. Henry Flipper, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó kàwé jáde ní West Point, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, ni wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1882; ọdún 1976 ni ìgbìmọ̀ sọ ìwé rẹ̀ di ti ẹni tó kúrò pẹ̀lú ọlá, nígbà tó ti kú. Kò sí aláwọ̀ dúdú kan tó gba Medal of Honor fún Ogun Àgbáyé Kejì títí di oṣù Kìíní ọdún 1997, nígbà tí Ààrẹ Clinton fún èèyàn méje. Vernon Baker nìkan ló wà láàyè láti gbà á fúnra rẹ̀. Òfin àkànṣe ló mú èyí wá, kì í ṣe ìgbìmọ̀, nítorí pé iṣẹ́ ìgbìmọ̀ kò tó láti dá irú àmì-ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ fúnni lásán. Ní ọdún 1996, wọ́n tún ṣí ọ̀nà kan tó rántí ti àtijọ́: aṣòfin lè béèrè pé kí wọ́n yẹ àmì-ẹ̀yẹ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa mọ́. Nígbà tí ètò MAVNI bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, tó fún àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí ológun Amẹ́ríkà nílò láàyè láti wọṣẹ́, Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wọṣẹ́ lọ́nà yẹn àti lọ́nà mìíràn ń gba fọ́ọ̀mù DD 214 nígbà tí wọ́n bá ń kúrò, ìwé tó ti wà láti ọdún 1950. Kí wọ́n ka àpótí 13 dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Purple Heart tó bá wà níbẹ̀ lè gba owó ilé-ìwé ní kíkún, ó lè yára gba ìtọ́jú, wọ́n sì lè gbẹ́ ẹ sára òkúta ibojì. Bí ohun kan bá kù, ilé àkójọ ní St. Louis ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, fọ́ọ̀mù DD 149 ni wọn yóò fi gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀, tí èèyàn mẹ́ta yóò sì jókòó lé e lórí.

Àtúnṣe kékeré kì í mú kí wọ́n ya ìwé àtijọ́ náà dànù. DD 215 ni wọ́n ń kọ. Ojú ewé kan ṣoṣo ni, tó ń sọ nọ́ńbà àpótí tí wọ́n tún ṣe àti ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ín yóò fi pín-ìn-nì so ó mọ́ ìwé àkọ́kọ́, méjèèjì yóò sì jọ máa rìn.