Pọ́ìntì pé, àmọ́ o kú: irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ àwọn géèmù àtijọ́

Ta ló tiẹ̀ sọ fáwọn èèyàn pé àwọn géèmù àtijọ́ tí ò ní àwòrán, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ lo máa kà tí wàá sì tẹ èsì, kò ju kéèyàn máa ṣa ìṣúra jọ kó sì máa ka pọ́ìntì lọ? Wọ́n ní ìgbà tí àwòrán dé ni ìtàn tó lẹ́kọ̀ọ́ nínú ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú géèmù. Irọ́ ni jàre.

Mo mọ ibi tó ti wá ṣá. Adventure tí Will Crowther kọ ní nǹkan bíi 1976, tí Don Woods fi kún ní 1977, bó ṣe rí nìyẹn lóòótọ́: wọnú ihò, kó ìṣúra jáde, gba pọ́ìntì. Zork náà tọ ọ̀nà yẹn. Àmọ́ iléeṣẹ́ Infocom tó ń ta Zork yìí nígbà yẹn náà ló wá dojú ẹ̀ dé.

Ẹ wo Infidel tí Michael Berlyn kọ fún wọn ní 1983. Olójúkòkòrò kan ni ìwọ tó ò ń gbá géèmù yẹn, o ti dalẹ̀ ọ̀gá ẹ kó o lè dá ìṣúra inú píírámíìdì kan ní Íjíbítì jẹ, o sì fojú àwọn lébìrà rí màbo débi pé wọ́n foògùn sínú ohun mímu ẹ, wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì fi ẹ́ sílẹ̀ nínú aṣálẹ̀. Ibi tó o ti jí ni géèmù ti bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kéèyàn ti fura o, àmọ́ ta ló ráyè ìfura, ò ń gbẹ́ iyanrìn, ò ń túmọ̀ àmì ara ògiri, ò ń yẹra fún pàkúté, pọ́ìntì ń gòkè, títí tó o fi dé ìdí pósí ọba. O ní kó ṣí. Ó ṣí lóòótọ́, pọ́ìntì ẹ pé pérépéré, ni ibẹ̀ bá wó dí ẹ mọ́nú ẹ̀. Kò sí ọ̀nà míì tó o lè gbà jáde láàyè kí wọ́n sì ní o borí. Tó ò bá ṣí i, géèmù ò ní parí, tó o bá ṣí i, ìwọ lo máa parí.

Inú bí àwọn tó ra géèmù náà, àwọn kan ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o, ìwé tí wọ́n fi sínú páálí ẹ̀ ti sọ irú èèyàn tó jẹ́, ẹni tí ò bá kà á ló mọ̀. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò wàásù fún ẹ, ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ tẹ ọ̀rọ̀ tó pa ẹ́.

Zork III ti 1982 tiẹ̀ fi pọ́ìntì ṣe yẹ̀yẹ́ ni. 7 péré ni gbogbo ẹ̀, o sì lè gba 7 yẹn kó o má tíì rí ìdí géèmù. Ẹnì kan tó da aṣọ borí á wá bá ẹ jà, tó o bá ti ṣe é léṣe, má wulẹ̀ pa á, ṣí ìbòrí yẹn: ojú ara ẹ lo máa rí níbẹ̀. Tó o bá wá borí, wọn ò ní kó góòlù fún ẹ pé máa lọlé, ipò ọ̀gá tó ń ṣọ́ abẹ́ ilẹ̀ tí géèmù náà ti ń wáyé ni wọ́n máa gbé lé ẹ lọ́wọ́.

Trinity tí Brian Moriarty kọ ní 1986 ló tún le jù. O máa dé aṣálẹ̀ New Mexico ní July 1945 láti ba ìdánwò bọ́ǹbù átọ́míìkì jẹ́, wàá ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ, ló bá tún di inú pápá ìgbafẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tó o ti bẹ̀rẹ̀. Pọ́ìntì 100 ẹ pé, bọ́ǹbù ṣì wà láyé.