Bọ́ọ̀sì obìnrin tó sọdá sọ́dọ̀ áktọ̀: kí ni heel-face turn?

Nínú ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, heel ni oníjàkadì tí èrò ìwòran ń hó lé lórí, face ni èyí tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ibẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ ìtàn ti mú heel-face turn: kí bọ́ọ̀sì, ìyẹn ẹni ibi inú ìtàn, fi ẹgbẹ́ ibi sílẹ̀, kó wá dúró ti áktọ̀, ẹni rere tí ìtàn dá lé. Bí àwọn méjèèjì bá kàn pawọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lu ọ̀tá kan, ìyẹn ò tíì tó. Catwoman, olè inú kọ́míìkì tó ti wà láti 1940, ti ran áktọ̀ Batman lọ́wọ́ láìmọye ìgbà, síbẹ̀ ó tún ń padà sídìí olè jíjà. Ẹni tó bá sọdá gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó gún régé ni Rogue inú kọ́míìkì Marvel. Ọdún 1981 ló kọ́kọ́ yọjú, nínú ẹgbẹ́ ibi ti Mystique, obìnrin tó gbà á tọ́. Bí ara rẹ̀ bá kan ara ẹlòmíì, agbára àti ìrántí onítọ̀hún á wọ inú rẹ̀. Ó di Carol Danvers, akọni obìnrin kan, mú pẹ́ jù, agbára Carol kò sì padà sára rẹ̀ mọ́. Ìrántí rẹ̀ náà wá ń dà Rogue lórí rú. Ní 1983, nígbà tí kò mọ èrò tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Carol mọ́, ó lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Xavier, olórí àwọn X-Men, ẹgbẹ́ akọni tó ti ń bá jà, pé kó gba òun.

Ẹ wò ó bí ìwà ibi rẹ̀ gan-an ṣe lé e dé ibẹ̀. Àwọn X-Men kò fẹ́ rí i sójú. Carol fúnra rẹ̀, tó ti rí agbára mìíràn gbà, dé, ẹ̀ṣẹ́ kan ló fi gbé e gba òrùlé jáde. Ó di Japan, nígbà tí Rogue fi ara rẹ̀ gba ohun tí Viper, ọ̀tá wọn, yìn sí Mariko, àfẹ́sọ́nà Wolverine tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn X-Men, kí Wolverine tó gbà á sí èèyàn. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, agbára Carol ṣì wà lára rẹ̀. Gbèsè náà kò tán.

Ìfẹ́ ló sábà máa ń ba irú ìtàn yìí jẹ́ bó bá ti kan obìnrin. Ó rí áktọ̀, ọkàn rẹ̀ yọ́, ó da ọ̀gá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ò ju ojú ìwé mẹ́ta lọ. Bí ọkùnrin náà bá kú lọ́la ńkọ́? Àwọn òǹkọ̀wé mìíràn á pa obìnrin náà ní kété tó bá ti ronú pìwà dà, kí wọ́n má baà kọ bó ṣe ń bá àwọn tó ṣẹ̀ gbé pọ̀. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni obìnrin tó ń lu ọkùnrin márùn-ún pa nígbà tó wà lọ́dọ̀ ibi, tí wọ́n wá ń jí gbé lójoojúmọ́ lẹ́yìn tó di ẹni rere.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ fi àmì sílẹ̀ ṣáájú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì: àṣẹ kan tó ṣe tìkọ̀-tìkọ̀ láti mú ṣẹ, ẹnì kan tó yẹ kó pa tó jẹ́ kó lọ. Ẹ má sì pààrọ̀ ohùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́nu mímú tẹ́lẹ̀, kó máa fi ẹnu náà bú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tuntun lọ.