Bí irin ṣe ń ha irin nínú ìbàdí

Ẹni tó bá ti dúró ti onílọta rí ní Mushin tàbí Oyingbo mọ̀ pé tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ irin inú ẹ̀rọ, àkọ́lọ̀ kì í ṣe fún jíjẹ, wọ́n máa ń dà á nù ni torí ó máa ń dúdú, irin ti ha ara wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbàdí onírin náà nìyẹn, àmọ́ ta ló fẹ́ da ti inú ara nù?

Ìbàdí àtọwọ́dá ò le láti mọ̀: bọ́ọ̀lù kan wà lórí ọ̀pá tí wọ́n kì bọ egungun itan, ó ń yí nínú ife tí wọ́n fi sí egungun ìdí. L'Ékòó kì í ṣe àgbàlagbà nìkan ló ń ṣe é o, àwọn SS (àwọn tó ní sickle cell) tí orí egungun itan wọn ti kú torí ẹ̀jẹ̀ ò débẹ̀ mọ́ náà ń ṣe é. Ife yẹn lè jẹ́ ike, ó sì lè jẹ́ irin. Èyí tó jẹ́ irin sí irin, cobalt àti chromium ni wọ́n pò pọ̀, èrò wọn ni pé kò ní tètè jẹ bí ike, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n eruku tó ń jáde lára ẹ̀ kéré débi pé ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó ń yòrò, ẹ̀jẹ̀ á wá máa gbé e kiri.

Omi oríkèé ló ń ṣe bí ẹ́ńjìn ọ́ìlì láàárín bọ́ọ̀lù àti ife. Tí dókítà bá fi ife náà sí gẹ̀rẹ́ jù, tàbí tí ife ò jìn tó, etí ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù á máa tẹ̀, omi ò ní ráyè dúró, irin á kàn máa họ irin ṣáá. ASR, ìbàdí irin sí irin kan tí ilé iṣẹ́ DePuy ṣe, August 2010 ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà, ó ti wà lára nǹkan bí 93,000 èèyàn nígbà yẹn.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara á gbé eruku yẹn mì, kò ní dà, wọ́n á kú, òmíràn á tún dé. Ibẹ̀ ni wàhálà wà gan-an: omi á gbára jọ, ẹran á kú, nǹkan á wú bíi kókó (kì í ṣe jẹjẹrẹ), egungun á máa jẹ, ìbàdí á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹlòmíì á máa ní ìrora ní abẹ́nú itan, ẹlòmíì ò ní mọ nǹkan kan. Tí cobalt bá wá pọ̀ gan-an lára, ó lè kan etí, ojú àti ọkàn.

Onífe ike náà ò bọ́ pátápátá, torí ibi tí bọ́ọ̀lù ti jókòó lórí ọrùn ọ̀pá lè dípẹtà.

X-ray ò rí ẹran tó bà jẹ́ dáadáa, MRI tí wọ́n ṣètò fún ẹni tó ní irin lára ló ń rí i. Wọ́n tún máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: nílùú ọba, tí cobalt tàbí chromium bá ju 7 microgram lọ nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, wọ́n á tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Tó bá burú, wọ́n á ṣí i, wọ́n á fi ike àti seramíìkì pààrọ̀ ẹ̀, kídìnrín á sì máa fi ìtọ̀ gbé cobalt tó kù jáde, àmọ́ ẹran tó ti kú ti lọ nìyẹn.

Stíkà ara páálí irin náà, tó ní orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀, òun lèèyàn fi ń mọ irú èyí tó wà lára òun, inú fáìlì ọsibítù ló máa ń wà. Ẹni tó lọ ṣe é ní India tó sì ti padà sí Surulere, fáìlì yẹn ò bá a wọ báálù, àfi tó bá ti ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù.