Ṣé òfin gbà kí á fi tíńtẹ́ẹ̀dì bo iná ẹ̀yìn ọkọ̀?

Ẹni tó bá dúró ní Takie nírọ̀lẹ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, á rí Corolla àti Golf tí wọ́n ti fi náílọ̀n dúdú bo iná ẹ̀yìn wọn, títí kan tíráfíkétọ̀. Àwọn ọmọ LAUTECH ló pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é. Ẹni tó ń bá wọn lẹ̀ ẹ́ á ní kò séwu, awakọ̀ Micra á ní ọlọ́pàá á gba mọ́tò lọ́wọ́ wọn. Kò sí èyí tó rí i délẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tòkunbọ̀ ló da ìbéèrè wọ̀nyí bò mí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti gba ìwé àṣẹ tíńtẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ṣé kò kó iná mọ́ ọn ni?

Ìdáhùn: Kò kó o mọ́ ọn rárá. Òfin ọdún 1991 ló bí ìwé àṣẹ yẹn, gíláàsì ọkọ̀ nìkan lòfin náà sì ń bá wí, kí ẹni tó wà níta lè rí ẹni tó wà nínú. Ọ̀rọ̀ ààbò ìlú ni. Gbogbo ariwo tó gbòde ní 2025, nígbà tí ọlọ́pàá gbé ìwé àṣẹ náà gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, orí gíláàsì yìí náà ló dá lé. Iná ọkọ̀ wà lábẹ́ òfin mìíràn, ìyẹn òfin ìrìnnà ojú pópó ti ọdún 2012, tó wà lọ́wọ́ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, àwọn tí a mọ̀ sí FRSC.

Ìbéèrè: Kí lòfin yẹn wá sọ?

Ìdáhùn: Ó ní kí iná ẹ̀yìn máa tàn pupa, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i lókèèrè, kí bíréèkì àti tíráfíkétọ̀ sì máa ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ní 2018 ni Nàìjíríà wọnú àdéhùn ìrìnnà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Vienna ní 1968. Àdéhùn náà fi òdiwọ̀n lé e: lóru tí ojú ọjọ́ bá mọ́, kí iná ẹ̀yìn hàn láti 300 mítà, kí iná bíréèkì sì mọ́lẹ̀ jù ú lọ débi pé ojú á rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Torí náà, ìmọ́lẹ̀ tó bá jáde ni wọ́n á fi dá ẹjọ́ rẹ. Ẹni tó bá ń jiyàn pé òun ò rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ náílọ̀n nínú òfin, kó máa jiyàn rẹ̀ lọ. Tí iná rẹ̀ kò bá hàn, ó ti jẹ̀bi.

Ìbéèrè: Tèmi ń tàn dáadáa. Mo tàn án lálẹ́, mo sì wò ó.

Ìdáhùn: Àṣìṣe gbogbo wọn nìyẹn. Bó ti wù kí iná kéré tó, á hàn nínú òkùnkùn. Aago méjì ọ̀sán ni kó o wò ó, tí oòrùn bá ń bọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ gan-an. Ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì, kí ìwọ dúró ní bíi ogójì ìṣísẹ̀ sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé ńṣe lo ní láti fún ojú kó o tó mọ̀ pé ó ti tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ yẹn kò ní iná bíréèkì lọ́sàn-án.

Wo inú rẹ̀ ná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kì í lo LED, gílóòbù kan náà ló ní wáyà tín-ín-rín méjì nínú: wáàtì 5 fún iná ẹ̀yìn, wáàtì 21 fún bíréèkì. Náílọ̀n tó bá ń gba ìdajì ìmọ́lẹ̀ á sọ wáàtì 21 yẹn di bíi 10 lójú ẹni tó wà lẹ́yìn. Lóru, ẹni tó ń bọ̀ lè rò pé iná ẹ̀yìn lásán lòun ń wò, kó má fẹsẹ̀ kan bíréèkì tirẹ̀.

Èyí tó burú jù kò tiẹ̀ lo gílóòbù. Nínú iná ẹ̀yìn, tàbí nísàlẹ̀ bọ́ńpà, pupa kan wà tó ń dá ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ ẹlòmíì padà, rẹ̀fulẹ́kítọ̀. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú náílọ̀n wọlé, á tún gba inú rẹ̀ jáde, torí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni náílọ̀n ń bù ú. Èyí tó ń gba ìdajì á ṣẹ́ ìdámẹ́rin kù. Wàyí o, tí ọkọ̀ bá kú lóru sí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí bátìrì náà sì ti kú, kí ló kù láti kìlọ̀ fún tírélà? Rẹ̀fulẹ́kítọ̀ yẹn ni, àti sí-kọ́ṣọ̀n, bí onímọ́tò bá ní in. Tírélà tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ bá mi fi eruku ọyẹ́ kún un.

Ìbéèrè: Tíráfíkétọ̀ ẹ̀yìn tèmi pupa, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wá láti Amẹ́ríkà. Ṣé ìyẹn náà ti di ẹ̀ṣẹ̀?

Ìdáhùn: Amẹ́ríkà gbà kí tíráfíkétọ̀ ẹ̀yìn pupa tàbí kó ní àwọ̀ ọsàn; àwọ̀ ọsàn ni ti Yúróòpù. Ìdí nìyẹn tí tòkunbọ̀ wa kò fi bára mu. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, òmíràn wà tó jẹ́ pé gílóòbù kan náà ló ń ṣe bíréèkì àti tíráfíkétọ̀. Tó o bá ń yà sọ́wọ́ òsì tó o tún tẹ bíréèkì, apá ọ̀tún nìkan ló ń sọ pé o ń dúró. Bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú náílọ̀n, kó o wá wo ohun tó kù. Iná bíréèkì kẹta, èyí tó wà lókè nínú gíláàsì ẹ̀yìn, ì bá gbà ọ́, àfi tó o bá ti fi tíńtẹ́ẹ̀dì bo gíláàsì yẹn náà!

Ìbéèrè: Ṣebí àwọn kan wà tó dúdú láti ilé iṣẹ́?

Ìdáhùn: Wọ́n wà, ìyẹn sì yàtọ̀. Ẹni tó ṣe é ti ṣírò gílóòbù rẹ̀, ó sì ti wá àyè fún rẹ̀fulẹ́kítọ̀. Wo ara ike rẹ̀: lẹ́tà E pẹ̀lú nọ́ńbà nínú òbìrí á wà níbẹ̀, bíi E1 ti Jámánì tàbí E11 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Amẹ́ríkà á ní DOT. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe ayédèrú lè tẹ lẹ́tà síbi tó bá wù ú, torí náà fi ojú ara rẹ wá rẹ̀fulẹ́kítọ̀ kó o tó sanwó. Agolo síprè dúdú tí àwọn kan fi ń kun iná kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn láéláé.

Ìbéèrè: Ta ló lè mú mi, èló sì ni?

Ìdáhùn: FRSC lè mú ọ. LSV ni wọ́n ń pe ẹ̀ṣẹ̀ iná nínú ìwé wọn, ẹgbẹ̀rún méjì náírà sì ni owó ìtanràn rẹ̀. VIO náà lè kọ̀ láti fún ọ ní ìwé pé ọkọ̀ rẹ yẹ lójú ọ̀nà. Owó yẹn kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, mo mọ̀. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni pé bí ẹnì kan bá fi orí ọkọ̀ gbá ọ lẹ́yìn, òun ló sábà máa ń jẹ̀bi. Náílọ̀n rẹ ló máa fún un ní ẹnu láti sọ pé òun ò rí iná.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní kò séwu lọ́dọ̀ àwọn.

Ìdáhùn: Ní kó gbé ọkọ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò MOT tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún. Ohunkóhun tó bá wà lára iná tó dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù gbangba, tàbí tó yí àwọ̀ rẹ̀ padà, kò ní yege níbẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́ láìba iná jẹ́?

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ náílọ̀n, páàkì ọkọ̀ sóòrùn títí á fi gbóná, kó o wá máa ká a díẹ̀díẹ̀ láti igun. Fi omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ gọ́ọ̀mù tó bá kù. Má fi bẹntiróòlù kàn án, ó lè mú kí ike náà sán. Tó bá jẹ́ síprè, ẹni tó ń kun ọkọ̀ lè fi sáńpépà olómi yún un, kó bẹ̀rẹ̀ láti 800 lọ sí 2000, kó wá fi pọ́líìṣì dán an. Tó bá ti yún un jù, ra bẹ́líjíọ̀mù rẹ̀, kó o sì rà á ní méjì: ọ̀kan tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan tó ti ṣá kò ní tàn bákan náà.