Ohun tí kọ̀ǹpáílà lè ṣe sílẹ̀, àti ohun tó gbọ́dọ̀ dúró dè

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń pààrọ̀ owó ní Ìgólò, lẹ́nu ibodè. Mo kọ ètò kékeré kan fún wọn tó ń ṣírò sẹ́fà sí yúrò àti sẹ́fà sí náírà. Láràárọ̀, èmi tí mo wà ní Àjàṣẹ́ ni mo ń fi iye náírà tuntun sí i, tí mo sì ń fi ètò náà ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí: "Àbúrò, iye àná ló wà níbí o!" Mo ní kí wọ́n má bínú, pé kọ̀ǹpútà mi ṣì ń ṣe é lọ́wọ́. "Kí ló ń ṣe láti àárọ̀?"

Kóòdù, ìyẹn ọ̀rọ̀ ètò tí èèyàn kọ, kò yé ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpáílà, tí àwa tó kàwé lédè Faransé ń pè ní compilateur, ló ń kà á, tó sì ń sọ ọ́ di àṣẹ tí ẹ̀rọ lè tẹ̀lé. Ìgbà méjì ló wà nínú ayé ètò: ìgbà tí kọ̀ǹpáílà ń ṣe é lọ́wọ́, àti ìgbà tí oníbàárà ti dúró sí iwájú ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ tó bá parí nígbà àkọ́kọ́, oníbàárà kò ní dúró dè é.

Ẹ wo yúrò. Láti 1999, sẹ́fà 655.957 ni yúrò kan, kò yí padà. Kí ló dé tí a ó fi máa ṣírò rẹ̀ níwájú oníbàárà? Ní C++, èdè kan tí a fi ń kọ ètò, ọ̀rọ̀ constexpr ni mo fi sọ fún kọ̀ǹpáílà pé kó ṣírò gbogbo bébà owó sẹ́fà, láti 500 dé 10,000, kó to ìdáhùn wọn sílẹ̀ nínú ètò. Kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ kí ètò tó délẹ̀ báyìí, tó sì ń pèsè kóòdù mìíràn, ni wọ́n ń pè ní metaprogramming.

Náírà kò rí bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ la máa ń mọ iye rẹ̀, a kì í sì í mọ iye tí oníbàárà mú wá títí yóò fi dé. Ìpele mẹ́ta nìyẹn: yúrò ti wà nílẹ̀ tipẹ́, náírà ń dé láàárọ̀, oníbàárà ló kẹ́yìn. Bí ìpele kan bá ń fi ohun tó ti mọ̀ kọ kóòdù fún èyí tó tẹ̀lé e, staged ni wọ́n ń pè é. Èdè MetaOCaml ní àmì tirẹ̀ fún un: o ń fi àmì kan yí kóòdù tó di ẹ̀yìn ọ̀la ká, o sì ń fi òmíràn tọ́ka ibi tí a ó ti fi ohun tí a mọ̀ báyìí dí àlàfo.

Àwọn kan tilẹ̀ fi ṣeré. Ní 1994, Erwin Unruh kọ ètò C++ kan tí kọ̀ǹpáílà kò lè ṣe parí, àmọ́ nínú àwọn ọ̀rọ̀ àṣìṣe tó ń tú jáde ni 2, 3, 5, 7 àti àwọn nọ́ńbà mìíràn tí kò ṣeé pín àfi pẹ̀lú 1 àti ara wọn wà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpáílà ló ṣe ìṣirò náà. Ètò gan-an kò tíì sí.

Gbogbo iṣẹ́ tí a bá gbé ṣíwájú, olùkọ ètò ló ń san án, pẹ̀lú àkókò. Make, tí Stuart Feldman ṣe ní 1976 ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ni irinṣẹ́ tó ń pinnu fáìlì tó yẹ kí kọ̀ǹpáílà tún ṣe, kó má fi àkókò ṣòfò lórí ìyókù. Ọjọ́ tí a fọwọ́ kan fáìlì kẹ́yìn ni Make ń wò: bí kóòdù bá pẹ́ ju ohun tí a ti inú rẹ̀ ṣe jáde, kò tún un ṣe, bó bá jẹ́ tuntun jù ú lọ, ó tún un ṣe. Ó yára, àmọ́ bí o bá kàn tún fáìlì pa mọ́ láìyí lẹ́tà kan, ó gbà pé ó yí padà. Bazel, irinṣẹ́ mìíràn bíi Make, ń wo inú fáìlì fúnra rẹ̀, ìyẹn sàn. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n bá sọ fún un pé ó rọ̀ mọ́ra ló mọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Inú fáìlì kan tí gbogbo fáìlì yòókù ń kà ni mo kọ iye náírà sí. Nọ́ńbà kan péré ni mo ń yí láàárọ̀, Make á tún gbogbo ètò ṣe, títí kan ìṣirò yúrò tí kò yí padà láti 1999.

Mo ti yọ náírà kúrò níbẹ̀. Inú fáìlì kékeré tí ètò ń kà nígbà tó bá ṣí ló wà báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń tẹ iye rẹ̀ sí i fúnra wọn, nígbà tí mo ṣì ń sùn.