Fíìmù 3D ò bá ojú tí wọ́n fi leésà ṣe jà

Sátidé tó kọjá, gbogbo wa jókòó sí pálọ̀ nílé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́, àbúrò mi obìnrin ti Èkó dé, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin sì ti gbé tẹlifíṣàn 3D tòkunbọ̀ kan wálé (tòkunbọ̀ náà ni, torí àtọdún 2017 làwọn iléeṣẹ́ ńlá ńlá tó ṣẹ́ kù nídìí ẹ̀ ti fi ṣíṣe ẹ̀ sílẹ̀), ó ń pín gíláàsì ẹ̀ fún wa, bí àbúrò mi ṣe nawọ́ gba tiẹ̀ báyìí ni Màámi figbe ta. "Ìwọ kọ́! Gbé e sílẹ̀!" Wọ́n ní ojú tí wọ́n ti fi iná gé, ṣé àwòrán tó ń fò jáde lójú tẹlifíṣàn ló tún kàn, pé iná á pàdé iná, ojú á bá a lọ. Àbúrò mi tó ti fi leésà ṣe ojú ẹ̀ láti ọdún méjì, tí ò wọ ìgò mọ́ látìgbà náà, kò fèsì, ó rọra gbé gíláàsì padà sórí tábìlì.

Kì í ṣe Màámi nìkan o. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń dirun fún mi ní Tákìé, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ yunifásítì kan ní Under-G, físíìsì ló sì ní òun ń kà.

Ṣé ẹ rí i, ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé wọ́n rò pé leésà yẹn ṣì wà nínú ojú, bí iná tí wọ́n fi eérú bò. Kò sí níbẹ̀. Awọ kan wà níwájú ẹyinjú tó mọ́ gaara bíi gíláàsì orí aago, òun ni wọ́n ń pè ní kọ́níà, òun ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀ kó lè balẹ̀ síbi tó yẹ lẹ́yìn ojú. Ẹni tí ò rí ọ̀ọ́kán, ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ ò dé ibẹ̀ kó tó balẹ̀. Dókítà á ṣí abala tín-ín-rín lórí kọ́níà bí ẹni ṣí ojú ìwé, leésà á fá abẹ́ ẹ̀ díẹ̀, wọ́n á dá abala náà padà, wọn kì í rán an, fúnra ẹ̀ ló ń lẹ̀. Leésà tí wọ́n ń lò, excimer lorúkọ ẹ̀, kì í jó nǹkan bí iná ìdáná, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló sì ń lò lójú kan, tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ ó parí nìyẹn. Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún ojú láti 1995. Ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣàn ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ lásán ni, irú èyí tó ń jáde lára fóònù tí Màámi fi ń wo wáàsù dòru.

Ti 3D gan-an, inú ọpọlọ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Òyìnbó kan, Charles Wheatstone, ti ṣàlàyé ẹ̀ ní London ní 1838, 1960 ni wọ́n sì tó ṣe leésà àkọ́kọ́ láyé. Ojú ọ̀tún àti tòsì ò sí lójú kan náà, ohun tí èyí rí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti èkejì, ọpọlọ ló ń pa méjèèjì pọ̀ tó fi ń mọ èyí tó sún mọ́ àti èyí tó jìnnà. Mo ní kí Màámi mú báírò, kí wọ́n di ojú kan, kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí wọ́n sì ti ẹ̀gbẹ́ fi ìdérí dé e. Wọ́n tàsé lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n la ojú méjèèjì, ó wọlé wéré. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n.

Iṣẹ́ tí gíláàsì 3D náà ń ṣe ò ju ìyẹn lọ, kí ojú kọ̀ọ̀kan gba àwòrán tiẹ̀ lọ́tọ̀. Leésà ò fọwọ́ kan ọpọlọ, ó tiẹ̀ tún mú nǹkan rọrùn ni, torí láyé ìgò, àbúrò mi máa ń wọ gíláàsì 3D lé orí ìgò ẹ̀ ni, imú ẹ̀ á pọ́n kí fíìmù tó parí.

Màámi wá mú ọ̀rọ̀ bàbá tíṣà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn jáde, pé bàbá ṣe leésà, kò sì rí 3D mọ́. Ìyẹn lè jẹ́ òótọ́ o. Ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún, ohun kan nínú ojú ẹ̀ á ti ń le, kò ní rí ìwé kà dáadáa, leésà orí kọ́níà ò sì lè wo ìyẹn, ni wọ́n fi máa ń ṣe ojú kan fún ọ̀ọ́kán, èkejì fún ìwé kíkà. Nígbà tí ojú méjèèjì ò bá rí ibì kan náà kedere, 3D á rọ. Ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe ṣètò ojú bàbá nìyẹn, kì í ṣe pé ojú bàjẹ́. Ẹni tí ojú ẹ̀ kan ń wo ọ̀tún tí èkejì ń wo òsì láti kékeré náà lè má rí i, bí ò tiẹ̀ ṣe leésà rí.

Ìgbà tó yẹ kéèyàn ṣọ́ra ni ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi leésà ṣe ojú tán. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ sùn, ẹ fi tẹlifíṣàn sílẹ̀, 3D tàbí èyí tí kì í ṣe 3D. Ojú máa ń gbẹ lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ó lè tó oṣù díẹ̀, bẹ́ẹ̀ téèyàn bá ti ranjú mọ́ àwòrán, kì í ṣẹ́jú tó mọ́, á tún gbẹ sí i, ẹ máa kán oògùn tí dókítà fún yín, kẹ́ ẹ sì máa gbé ojú kúrò níbẹ̀ látìgbàdégbà. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ ra ojú, torí abala tí wọ́n dá padà yẹn lè yẹ̀. Lójú tèmi, eruku ọyẹ́ ìlú wa yìí ló yẹ kí wọ́n máa fi dẹ́rù ba èèyàn.

Orí fífọ́ tí wọ́n sì ń sọ pé fíìmù 3D ń fà, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe. Àwòrán á dà bíi pé ó wà nímú yín, ojú méjèèjì á yí wá síbẹ̀, àmọ́ orí tẹlifíṣàn lọ́hùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹjú mọ́ kó tó mọ́ kedere, iṣẹ́ méjì nìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àbúrò mi padà wọ gíláàsì ẹ̀, ó wo fíìmù náà tán. Ẹ̀gbọ́n wa tó ni tẹlifíṣàn, tí ò ṣe leésà rí, òun ló bọ́ tiẹ̀ sílẹ̀ láàárín, tó ń bèèrè Panadol.