Bí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń dé etí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ojú rẹ̀ kò ríran jókòó ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, ó ti tan TalkBack, ohun èlò tó ń ka ohun tó wà lójú fóònù sókè, lórí fóònù Android rẹ̀. Bó bá fi ìka kan ra ojú fóònù sápá ọ̀tún, ohùn á ka ohun tó kàn. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ohun tí ohùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ṣí. Bó ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ó wá ṣí ìwé tí olùkọ́ fi ránṣẹ́, kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan.

Fọ́tò ni olùkọ́ ya ìwé náà, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, ó kó wọn pọ̀ sínú PDF. Ẹni tó ríran á rí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwòrán lásán ni lójú ẹ̀rọ, nítorí lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ ló ń kà. Kí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ ló dáa jù. Bí kò bá ṣeé ṣe, OCR, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá lẹ́tà mọ̀, lè yọ lẹ́tà jáde lára fọ́tò, àmọ́ kí ènìyàn fojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, pàápàá bó bá jẹ́ ìwé Yorùbá. OCR máa ń gbé àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà mì: ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ àti ọkọ́ tí à ń fi roko, gbogbo wọn á di "oko".

Àkòrí náà ń fa wàhálà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kàn máa ń sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá ni, ẹ̀rọ ò sì mọ̀ pé àkòrí ni. Bí wọ́n bá lo "Heading" tó wà nínú Word, ẹni tó ń lo NVDA, ohun èlò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè (ọ̀fẹ́ ni, Ọsirélíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2006) á kàn wọ ipò ìkàwé rẹ̀ (browse mode), á máa tẹ H, á máa fò láti àkòrí kan dé òmíràn. Láìsí èyí, á gbọ́ gbogbo ìwé kó tó dé ibi tó ń wá. Ó dunni, torí iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Bí ẹ̀kọ́ bá dá lórí àdìrẹ Òṣogbo, "àwòrán kẹta" tí wọ́n kọ fún àwòrán kò sọ nǹkan kan fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran. "Obìnrin kan ń fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró" ti tó. Àyè "alt text", ìyẹn àyè àpèjúwe àwòrán tí ẹ̀rọ ń kà sókè, ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Adití ń fẹ́ ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ fídíò, kí ẹnìkan sì tún èyí tí ẹ̀rọ bá kọ ṣe. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè darí mouse ń lo bọ́tìnì Tab àti Enter. Nínú ìdánwò lórí Moodle, ètò tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, olùkọ́ lè fi àkókò kún ti akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n buwọ́ lù lọ́dún 2019 sì ti ka dídẹ́yẹ sí àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lè tan TalkBack lórí fóònù tirẹ̀, kó di ojú, kó wá gbìyànjú láti dé ibi tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́. Ibi tó bá ti há sí, ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń há láti ọjọ́ yìí.